Kò sí rọ́bà nínú fístúlà

Ẹni tó bá ti wọ yàrá dialysis rí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, yóò ti rí apá kan tí iṣan inú rẹ̀ yọ gọngọ, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò lábẹ́ awọ. "Rọ́bà tí wọ́n fi sí i lára nìyẹn," làwọn tó wá kí aláìsàn máa ń wí. Rọ́bà kankan ò sí níbẹ̀. Iṣan ara ẹni náà ni, fístúlà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń fi rọ́bà ṣe é fáwọn tí iṣan tiwọn ò dára, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn nìyẹn, orúkọ tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bákan náà, kò bá fístúlà tí wọ́n ń sọ lórí rédíò tan, èyí tó ń mú kí ìtọ̀ máa jò lára obìnrin lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́ jù. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀: ọ̀nà tó là síbi tí kò yẹ kí ọ̀nà wà.

Iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣe é dípò rẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bí mìlílítà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò mínírà, fún bíi wákàtí mẹ́rin. Níbo ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún yóò gbà jáde? Iṣan àbọ̀, tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, wà lábẹ́ awọ níbi tí abẹ́rẹ́ lè tètè bá a, àmọ́ jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀. Iṣan àlọ ń tú yàà, ṣùgbọ́n ó sá wọnú, gígún un lemọ́lemọ́ sì léwu. Èyí tó wà nítòsí ò lágbára, èyí tó lágbára ò sí nítòsí.

Ni oníṣẹ́ abẹ bá la ọrùn ọwọ́ díẹ̀, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà, ó sì rán iṣan méjèèjì mọ́ra. Ihò tó wà láàárín wọn ò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Gbogbo èèyàn á ní dókítà ti ṣe fístúlà. Dókítà ò tíì ṣe ju ihò tí ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ ń gbà tú wọ iṣan àbọ̀ lọ.

Ká sọ pé ọ̀nà márosẹ̀ dí, tí wọ́n wá darí tírélà gba àdúgbò kan tó jẹ́ pé ọ̀kadà àtàwọn ọmọ iléèwé nìkan ló ń gba ibẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀dà á ti fọ́, gọ́tà á ti wó, àwọn onílé á ti máa bú gómìnà. Àdúgbò inú apá yìí kì í fọ́. Àwọn onílé ibẹ̀, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ sínú iṣan, máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ti ń ha àwọn jù. Wọ́n á tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide sílẹ̀, iṣan á dẹ̀, á fẹ̀. Bó ṣe ń fẹ̀ ni híha náà ń rọlẹ̀, tó bá sì ti rọlẹ̀ tó, fífẹ̀ náà á rọra dúró. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ògiri rẹ̀ ń nípọn sí i nítorí ipá tí kò bá pàdé rí. Onílé fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri sẹ́yìn, ó tún fi búlọ́ọ̀kù kún un, kò dúró de gómìnà kankan.

Iṣan ọrùn ọwọ́ tí kì í gbé ju nǹkan bíi mìlílítà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan lè wá máa gbé 600. Òfin ẹẹ́fà-ẹẹ́fà làwọn dókítà ń pe òṣùwọ̀n wọn: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, kó gbé mìlílítà 600, kó fẹ̀ tó mìlímítà 6, kó má sì jìn ju mìlímítà 6 lọ sábẹ́ awọ. Ó rọrùn láti há sórí, bóyá ìdí tí wọ́n fi yàn án gan-an nìyẹn.

Rọ́bà táwọn èèyàn ń sọ ti wà rí o. Lọ́dún 1960, ní Seattle, dókítà Scribner fi ọ̀pá oníke tí wọ́n ń pè ní Teflon sí aláìsàn lápá, ó sì yọ síta. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú rẹ̀, kòkòrò àrùn sì ń gbabẹ̀ wọlé. Fístúlà alára ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, bí jàǹbá ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n: William Hunter ní Lọ́ńdọ̀nù kọ nípa rẹ̀ ní 1757, lára àwọn tí wọ́n gún nígbọ̀nwọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ wọn dànù, tí irin wá gba inú iṣan àbọ̀ kan iṣan àlọ tó wà nísàlẹ̀. Ó lé ní igba ọdún kí Brescia, Cimino àti oníṣẹ́ abẹ wọn, Appel, ní Bronx ní New York, tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe jàǹbá yẹn fún aláìsàn. Ọdún 1966 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àkókò ni ìṣòro rẹ̀. Fístúlà gbọ́dọ̀ gbó, ìyẹn ni pé kó fẹ̀, kó sì nípọn tó kí ẹ̀rọ tó lè lò ó, òmíràn ò sì ní gbó rárá. Ó yẹ kó ti wà lápá ní oṣù mélòó kan kí ẹ̀rọ tó di dandan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ara bá ti wú tí èémí ò já gaara mọ́ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń dé ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Ọ̀pá tí wọ́n tì bọ iṣan ọrùn ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sì ń sá kiri nítorí owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, níbo ló ti fẹ́ rí owó iṣẹ́ abẹ tó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó wúlò?

Ẹni tí tirẹ̀ bá gbó kì í jẹ́ kí wọ́n fi apá yẹn wọn ìfúnpá, kì í sì í sùn lé e. Láràárọ̀ ló ń fi ìka kàn án. Á gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka, bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀ sínú àpò. Àárọ̀ tí kò bá gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn ló ń lọ lọ́jọ́ náà, kì í dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rọ kàn án.