Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kì í Ṣe Oògùn Ẹran Tó Ti Ń Kú Lọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sin ewúrẹ́ ní Kubwa, Nyanya àti Gwagwalada l'Ábújá, ọ̀rọ̀ yín ti sú mi. Ìgbà tí ìpin bá ti dí ẹran lójú, tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ni ẹ tó ń pè mí: "Dókítà, ẹ wá gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára." Kata, àrùn tó máa ń ran ewúrẹ́ àti àgùntàn, ti wọlé nìyẹn. Àjẹsára ò lè lé e jáde mọ́.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa kata gan-an ló wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, láàyè, àmọ́ wọ́n ti gba agbára rẹ̀. Lára èyí tí wọ́n rí ní Nàìjíríà lọ́dún 1975 ni wọ́n ti ṣe é. Nigeria 75/1 là ń pè é títí dòní. Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni wọ́n ti ń ṣe é fún wa, orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì ń lò ó. Ẹ má fojú kéré ohun tó jẹ́ tiwa.

Tó bá wọ abẹ́ awọ, ara ewúrẹ́ á dá a mọ̀, á sì kó ọmọ ogun jọ dè é. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ 2 kí ọmọ ogun yẹn tó kún ojú òṣùwọ̀n. Tó bá ti kún, ó lè dáàbò bo ẹran fún bí ọdún 3. Kata ní tiẹ̀, ọjọ́ 4 sí 6 ló sábà fi ń sá pamọ́ sára kó tó yọjú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ewúrẹ́ tó kó o ní ọjà Dei-Dei lánàá, tí mo gún lónìí, á dùbúlẹ̀ kí ọmọ ogun tó dé. Ẹ ó wá ní abẹ́rẹ́ mi ló pa á! Ẹ máa ya ẹran tuntun sọ́tọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti gba àjẹsára, ẹ jẹ́ kó tó bí oṣù 4, torí ohun tó mu lọ́mú ìyá á pa fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ kí ara tirẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti òtútù. Ooru ń pa àjẹsára yìí. Mo bá alóògùn kan lọ́jà tó gbé e sínú ọ̀rá dúdú nínú oòrùn, tó ti fi omi pò ó láàárọ̀, tó ṣì ń fi gún ẹran ní ìrọ̀lẹ́. Omi lásán ló ń gún. Ó gún gbogbo ewúrẹ́ ìyá kan tó ń fi wọ́n sanwó ilé-ìwé ọmọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kata dà wọ́n bolẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó ti so aṣọ pupa mọ́ wọn lọ́rùn, ó ń da epo pupa sí wọn lẹ́nu, ó ní ayé ló ń bá òun jà. Mo fetí sí àyà ọ̀kan: epo ti gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó ń hó kùlùkùlù. Ayé kọ́, Màmá. Oníjìbìtì ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó gún ẹran yín, ẹ ní kó ṣí kúlà rẹ̀. Tí kò bá sí yìnyín níbẹ̀, ẹ lé e. Ìgò kan lè tó ẹran 50, a ò sì gbọdọ̀ tọ́jú ìyókù tí a bá ti pò ó. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ewúrẹ́ mẹ́ta-mẹ́rin, ẹ kó ara yín jọ ládùúgbò, kí ẹ pè wá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọyẹ́ tó mú.