Ewé ló ń jẹ, gbòǹgbò ló ń sanra: CO₂ àti ewébẹ̀ onígbòǹgbò tí a gbìn sínú omi

Nínú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, CO₂, gáàsì tí à ń mí síta, ò ju bí i 430 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ìwọ̀n yẹn kì í yó ewé kárọ́ọ̀tì, rádíìṣì tàbí bíìtìrúùtù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń dáko nínú ilé gíláàsì fi máa ń tú u sí i láti inú àgbá, títí yóò fi tó 800 sí 1,200.

Rubisco ni ẹlẹ́bi, èròjà inú ewé tó ń mú CO₂ láti fi ṣe ṣúgà. Ojú rẹ̀ ò mọ́ tó: ó máa ń ṣi ọ́ksíjìn mú, ewé á wá máa fi agbára ṣòfò láti tún àṣìṣe náà ṣe. Bí CO₂ bá pọ̀ yí i ká, àṣìmú á dín kù, ṣúgà á sì pọ̀.

Ibo ni ṣúgà náà ń lọ? Ibí yìí gan-an ni ewébẹ̀ onígbòǹgbò ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Ewéko tí kò níbi tí yóò kó ṣúgà sí, ewé rẹ̀ á kún, á sì dẹwọ́ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CO₂ ṣì wà níta rẹpẹtẹ. Kárọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ ti kọ́ àká sábẹ́ ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí gbòǹgbò bá ṣì ń wú, ewé á máa ríbi sọ ẹrù sí. Ṣùgbọ́n bí ihò tí wọ́n gbìn ín sí bá há, àǹfààní ọ̀hún á dín kù.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni èrè. Tí CO₂ bá pọ̀, àwọn ihò tíntìntín ara ewé á pa ojú dé díẹ̀, omi tí ewéko ń fà á sì dín kù. Omi yìí ló sì ń gbé kálísíọ̀mù gòkè, nítorí náà etí àwọn ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lè máa jó. Gbòǹgbò á tóbi, àmọ́ náítírójìn, irin àti síńkì inú rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́. Dída ajílẹ̀ kún omi nìkan ò tán ìyẹn, torí pé CO₂ tó pọ̀ lè dí ewé lọ́wọ́ láti sọ náítíréètì di purotéènì.

Afẹ́fẹ́ la sì ń tú u sí o, kì í ṣe omi. Nínú omi, ńṣe ló ń di ásíìdì. Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ń mí, ọ́ksíjìn ló ń wá: èyí tó rí i tó máa ń funfun, èyí tí kò rí i á pọ́n, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Kódà, irun gbòǹgbò ló yẹ kó wà nínú omi; bí kárọ́ọ̀tì gan-an bá rì sínú rẹ̀, jíjẹrà ló kàn.

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ti ẹnu àgbá, torí láìsí ìmọ́lẹ̀, ewé ò ní í jẹ ẹ́. Tí CO₂ bá sì ti ń sún mọ́ 5,000 nínú mílíọ̀nù kan, ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló yẹ ká máa rò, kì í ṣe kárọ́ọ̀tì mọ́.