Ibi Tí Oró Ata Ń Gbé

Ẹni tó bá ṣèèṣì bu rodo jẹ, bí ẹni pé wọ́n da iná sí i lẹ́nu ni, bẹ́ẹ̀ iná kankan ò sí níbẹ̀. Lára iṣan wa, ẹ̀yà kan wà tó ń ta ọpọlọ lólobó tí nǹkan bá gbóná ju bíi 43 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èròjà inú ata tí wọ́n ń pè ní capsaicin máa ń dì mọ́ ẹ̀yà yìí, a sì mú un ké irú igbe kan náà. David Julius ará Amẹ́ríkà àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ìdí rẹ̀ lọ́dún 1997; ó wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ata kì í ta ẹyẹ ní tiẹ̀. Ó ń ṣa á jẹ, ó ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ kiri, ata á sì hù lẹ́yìn ilé láìsí ẹni tó gbìn ín.

Àwọn tó ń ra rodo ní ọjà Àtakúnmọ̀sà n'Iléṣà, ahọ́n ni òṣùwọ̀n wọn. Ahọ́n náà ni Wilbur Scoville, apoògùn ará Amẹ́ríkà, lò ní 1912: omi ṣúgà ló fi ń la oje ata títí ẹni tó ń tọ́ ọ wò ò fi ní gbọ́ títa rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n báyìí. Lórí òṣùwọ̀n títa ata tí wọ́n fi orúkọ Scoville pè, irú rodo máa ń wà láàárín 100,000 sí 350,000. Carolina Reaper, tó jẹ́ ọmọ ìyá rodo (Capsicum chinense ni àwọn méjèèjì), ju 1,600,000 lọ. Ed Currie tó mú un jáde ní South Carolina náà ló tún mú Pepper X jáde, tó gba ipò iwájú ní 2023 pẹ̀lú 2,693,000.

Tí a bá la rodo sí méjì, kóró ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbọ̀n dànù kí ọbẹ̀ má baà ta jù. Wọ́n ń fìyà jẹ kóró lásán ni. Funfun tí kóró so mọ́ ni oró ti ń jáde. Kóró kàn fara kó o ni. Funfun yẹn ni kí wọ́n fi ọ̀bẹ há kúrò, torí ara ẹran ata gan-an ni òórùn dídùn rodo wà, èyí tó fi jọ èso tó pọ́n. Ti Reaper le díẹ̀: àpò oró tún wà káàkiri ara inú rẹ̀, há tàbí má há, yóò ta.

Capsaicin kì í yòrò nínú omi. Omi tútù tí ẹni tí ata ń ta ń gbé mu, ìtura ojú ẹsẹ̀ ni. Wàrà tàbí mílíìkì ló ń gbá a kúrò lẹ́nu. Epo náà ń yọ́ ọ, nítorí náà ọwọ́ tó gé ata, kí wọ́n fi òróró pa á kí wọ́n tó fọṣẹ sí i, pàápàá kó tó kan ojú.

Iṣan tí capsaicin bá ń dà láàmú léraléra máa ń dákẹ́ nígbà tó bá yá, ìyẹn ni wọ́n fi ń po ó mọ́ ìpara oríkèé ríro. Òun náà ló wà nínú agolo tí ọlọ́pàá ń fín sójú èèyàn.

Nínú ìkòkò ẹ̀gúsí tí wọ́n fẹ́ fi jẹ iyán, àṣehàn lásán ni Reaper lọ́wọ́ mi, rodo tó. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ òórùn rodo, kó jù ú síbẹ̀ lódindi, kó sì yọ ọ́ kó tó bẹ́.