Ohun Mímu Tí Ń Fi Ọmọ Lọ́kàn Balẹ̀ Kí Abẹ Tó Kàn Án

Àwọn tí ń kọ ìtàn oògùn oorun tí à ń fún ọmọdé mu kí dókítà tó fọwọ́ kàn án, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí sí Oǹdó kò gbà pé ibẹ̀ ni orísun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo igi asofẹ́yẹjẹ tí ó ń hù nínú igbó wa. Orúkọ rẹ̀ kò ṣòro í tú: igi tí ó ń so fún ẹyẹ jẹ ni, ẹni tí ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé èso rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ọmọ ènìyàn. Egbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá fi ń mú wèrè tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ sùn, tipẹ́tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ ní Switzerland tó yọ reserpine, èròjà tí ń mú ara balẹ̀, jáde ní 1952 láti inú egbò ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti Íńdíà wá. Reserpine yìí kan náà sì wà nínú tiwa. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó mọ ohun tí ń mú àgbàlagbà sùn kò ní ṣàì ro ti ọmọ tí olóólà fẹ́ kọ nílà, pàápàá ní Oǹdó tí ilà gígùn kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Omi ìgbín tí olóólà ń kán sí ojú abẹ, nítorí pé ẹ̀rọ̀ ni ti ìgbín, fi hàn pé wọn kò fojú di ìrora ọmọ. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí fún ọmọ ní egbò náà o, ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì léwu.)

Ti Jámánì kò gùn. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà, ló ṣe chloral, oògùn oorun tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti orí rẹ̀, ní 1832, ọdún 37 sì kọjá kí Oscar Liebreich tó rí i ní 1869 pé ó ń múni sùn. Ohun tí ó rò, pé yóò di chloroform nínú ara, kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Chlorine àti alcohol ni wọ́n gé pọ̀ di orúkọ rẹ̀, kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀.

Àwọn oògùn oorun tí à ń pè ní barbiturate tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òmíràn, midazolam, dé ní nǹkan bí 1975, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí èyí tí ọmọdé ń mu ní 1998. Chloral máa ń gbé ọmọ sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n ó ń ta inú, oorun rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lójú. Midazolam ń ṣiṣẹ́ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó ń mú ọmọ gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí àwọn ọmọ mìíràn sí i dípò kí ara wọn rọ̀. Ó korò pẹ̀lú, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ ohun dídùn, bí àwọn ìyá wa ní Àkúrẹ́ ti ń fi oyin lu àgbo.