Bí ẹjọ́ gọ́tà ṣe ń di lẹ́tà ìjọba

Ká ní obìnrin oníṣòwò kan gbéra láti ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, tó mú ìwé tí ọmọ rẹ̀ bá a kọ dání: gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn ti dí, omi sì ń wọ inú ẹrù. Ìwé náà kò ní lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó máa gbẹ́ gọ́tà.

Réjísírì, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń gba ìwé tó sì ń tọ́jú fáìlì, ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló ni gọ́tà náà, torí ìlú Ọ̀yọ́ pín sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta nínú 33 tó wà ní ìpínlẹ̀: Àtìbà, Ọ̀yọ́ Ìlà-Oòrùn àti Ọ̀yọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Bó bá ti jẹ́ tiwọn, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀ tó ní déètì, wọ́n á so ó mọ́ fáìlì tó bá a mu, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà sí igun rẹ̀ lókè. Bí ìwé tó ṣáájú bá jẹ́ 22, òun di 23. Láti ọjọ́ náà lọ, "ojú-ìwé 23" ni gbogbo ènìyàn á máa pè é. Kò sì gbọdọ̀ sọnù, torí ẹni tó bá ṣí fáìlì tó bá 22 àti 24 á béèrè ohun tó wà láàárín wọn.

Fáìlì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti tábìlì dé tábìlì, mínìtì ló sì ń gbé e rìn. Mínìtì ni ọ̀rọ̀ ṣókí tí òṣìṣẹ́ kan kọ sí òmíràn nínú fáìlì. Ipò là ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe orúkọ, torí ẹni tó wà lórí àga lónìí lè ti fẹ̀yìntì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á buwọ́ lù ú, á kọ ipò tirẹ̀ àti déètì.

Mínìtì tó múná dóko máa ń tọ́ka sí ojú-ìwé, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á wá sọ ohun tí òǹkọ̀wé rò pé ó yẹ kí ọ̀gá ṣe. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Wọ́n á kọ "fún àkíyèsí yín, sà", fáìlì á padà wá pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo: kí ni kí n ṣe sí i? Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. K.I.V. náà wà, ìyẹn ni pé kí wọ́n pa á mọ́ ná. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń sùn sí. B.U. tó ní déètì, tó ń pàṣẹ kí wọ́n gbé fáìlì padà wá lọ́jọ́ báyìí, sàn jù ú lọ fíìfíì.

Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n fèsì, òṣìṣẹ́ kékeré ló ń kọ dráfùtì. Á fi àyè gbòòrò sílẹ̀ láàárín ìlà, torí gbogbo ọwọ́ tó wà lókè rẹ̀ ló lè gé e. Ó máa ń dun àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ á rántí ìlàrí: iṣẹ́ tí Aláàfin rán an ló ń jẹ́, kì í fi èrò tirẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ìjọba ṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a pàṣẹ fún mi láti sọ fún yín pé", tí ẹni tó buwọ́ lù ú sì ń kọ pé òun ń ṣe é lórúkọ ọ̀gá. Nítorí náà ni "mo rò pé" kì í fi í kọjá.

Ọ̀fìn tó jìn jù wà nínú èdè. Yorùbá ni ìyá náà fi rojọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni fáìlì ń sọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ìsọ̀ náà, ó sì ti ṣàìsàn": akọ̀wé tí kò béèrè lè sọ ẹ̀gbọ́n yẹn di ọkùnrin, nígbà tó jẹ́ obìnrin ni. "Ẹ̀gbọ́n" kò yà wọ́n sọ́tọ̀, "ó" náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń fipá mú ni láti yan ọ̀kan. Bí owó gbà-má-bínú bá wá jáde, ọkùnrin tí kò sí láyé ni fáìlì máa mọ̀. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà wé ojú-ìwé 23, kó má fi wé ọpọlọ rẹ̀. Kí lẹ́tà kàn kọ "ìsọ̀ púpọ̀" náà kò tó. Ó yẹ kí ẹnìkan ti lọ kà wọ́n.

Ti Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí àwọn akọ̀wé kọ̀wúrà jogún ńkọ́? Ìlà mẹ́ta tó sọ ìgbà tí wọ́n máa wá yẹ gọ́tà wò àti ẹni tó ń bọ̀ wúlò fún ìyá yẹn ju ojú-ìwé kan tó kún fún ìkíni lọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní mímọ́, wọ́n á buwọ́ lù ú, ẹni tó gbà á á fọwọ́ sí ìwé ìfiránṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ á padà sínú fáìlì, á di 24. Gbígbẹ́ gọ́tà fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì mìíràn, lọ́dọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́.