Bí A Ṣe Ń Tètè Mọ Àrùn Egungun Lára Ọmọ Tí A Bí Láìpé Oṣù

Oṣù mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn oyún ni egungun ọmọ máa ń le. Ṣáájú ìgbà náà, egungun ọmọ inú oyún ti ní ìrísí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ń mú un le kò tíì tó nǹkan. Nínú gbogbo èròjà méjèèjì yìí tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ń gbé wá sáyé, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ló jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 24 oyún ni wọ́n ń gba inú ibi-ọmọ kọjá láti ara ìyá, ọ̀sẹ̀ 32 sí 36 sì ni wọ́n ń wọlé jù. Ní àkókò yẹn, fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà wọ̀n, nǹkan bí 100 sí 120 mg kálísíọ̀mù àti 50 sí 65 mg fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ara rẹ̀ ń gbà lóòjọ́. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 26 kò dúró gba ìpín yìí. Egungun rẹ̀ ń gùn sí i lẹ́yìn ìbí, àmọ́ ohun tí ó yẹ kí ó mú un le kò bá a dọ́gba, nítorí pé kò sí ọ̀nà ìfúnlóúnjẹ kan lẹ́yìn ìbí tí ó rọrùn láti fi ṣe iṣẹ́ tí ibi-ọmọ ń ṣe.

Àìtó èròjà nínú egungun yìí ni àwọn dókítà ń pè ní metabolic bone disease of prematurity. Kì í ṣe àrùn àjogúnbá, kò sì sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tí a lè tọ́ka sí pé òun ló fà á. Egungun ọmọ náà rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì le, egungun lè kán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá ọmọ tàbí pé ó já bọ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn ọmọ tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 28 àti àwọn tí wọn kò wọ̀n tó 1,500 g nígbà ìbí, pàápàá àwọn tí wọn kò tó 1,000 g. Láàárín wọn, ewu náà tún ń pọ̀ sí i fún ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó lè fi ẹnu tàbí inú gba oúnjẹ, tí ó jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọ fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Kì í ṣe pé àwọn tí ń po oúnjẹ inú iṣan náà kò mọ ohun tí ọmọ nílò. Bí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì (ìrísí tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń wà nínú ara) bá ti pọ̀ jù nínú omi kan náà, ńṣe ni wọ́n máa ń dì mọ́ra, tí wọ́n á sì sọ omi náà di ohun tí ó léwu láti fà sí ara ọmọ. Oògùn náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: furosemide, tí a ń fún ọmọ tí omi pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, máa ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù bá ìtọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni dexamethasone àti irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń dí egungun lọ́wọ́ láti dàgbà. Wàrà ìyá, pẹ̀lú gbogbo oore rẹ̀, kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó tó fún ọmọ tí ó kéré tó báyìí àyàfi tí a bá fi èròjà mìíràn kún un. Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni ìṣípòpadà: ọmọ inú oyún ń fi ẹsẹ̀ ta ògiri ilé ọmọ, ìtakò yìí sì ń mú egungun le, nígbà tí ọmọ tí a bí láìpé oṣù, tí ó wà lórí ẹ̀rọ tí ń bá a mí, lè wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àrùn yìí kì í pariwo. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí ló sábà máa ń hàn, ṣùgbọ́n kí ó tó hàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ lè máa mu wàrà, kí ó máa sùn, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì máa lọ sókè, láìsí ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì tàbí òbí lè rí. Nígbà tí ó bá di pé apá kan wú, tí ọmọ ń sunkún bí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ó ṣòro láti já a kúrò lórí ẹ̀rọ tí ń bá a mí nítorí pé egungun ìhà rẹ̀ rọ̀, ọ̀rọ̀ ti pẹ́.

Fọ́tò X-ray náà kò yára tó. Egungun ní láti ti pàdánù bí ìdá 20 sí 40 nínú 100 èròjà rẹ̀ kí ojú ènìyàn tó lè rí i dájú lórí X-ray. Ní 1982, Koo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ohun tí a ń rí lórí fọ́tò náà sí ìpele mẹ́ta: egungun tí ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àkọ́kọ́, ìkejì ni èyí tí ìpẹ̀kun rẹ̀ ti fọ́nká tàbí tẹ̀ wọnú, ìkẹta sì ni èyí tí ó ti kán. Ìpín yìí wúlò fún mímọ bí àrùn ṣe le tó. Ní tèmi, ẹni tí ó bá dúró de ìpele àkọ́kọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ti jẹ́ kí àsìkò tí ó dára jù kọjá.

Ìdí nìyí tí a fi ń wo inú ẹ̀jẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni láti wọn kálísíọ̀mù, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ egungun, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù. Ọkàn àti iṣan kò lè ṣiṣẹ́ bí kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró déédéé, nítorí náà ara kì í jẹ́ kí ó wálẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ dín, àwọn ẹran kéékèèké tí ó wà lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní parathyroid, á tú họ́mọ̀nù kan tí a mọ̀ sí PTH sínú ẹ̀jẹ̀, egungun á sì tú kálísíọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀. Egungun ni àká tí ara ń bù jẹ nígbà ìyàn. Ẹni tí ó bá ń wo oúnjẹ inú àwo nìkan kò ní mọ̀ pé àká ti ń gbẹ. Àbájáde àyẹ̀wò tí ó sọ pé kálísíọ̀mù dára kò tíì fi hàn pé egungun dára.

Fọ́sífétì ló tètè ń sọ òtítọ́. Kò sí ohun tí ń ṣọ́ ọ bí a ti ń ṣọ́ kálísíọ̀mù, nítorí náà bí kò bá tó, ó máa ń wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gbangba, nígbà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí, pàápàá lára ọmọ tí ó wà lórí oúnjẹ inú iṣan tí èròjà tí ń mú ara dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀ tí fọ́sífétì kò sì tó. Bí ó bá kéré sí 1.8 mmol/L, ó yẹ kí a máa ṣọ́ ọmọ náà. Bí kò bá tó 1.3 mmol/L, tí kò sì gòkè, ó yẹ kí dókítà ronú nípa fífi fọ́sífétì kún ohun tí ó ń jẹ.

Èkejì rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alkaline phosphatase, tí a ń kọ ní ALP. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń kọ́ egungun ló ń tú u jáde, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ kára láti rí èròjà tí kò sí. Nítorí pé gbogbo ọmọ tí a bí láìpé oṣù ni ALP wọn ń gòkè díẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí iye náà ń lọ ṣe pàtàkì ju iye kan ṣoṣo lọ. Iye tí ó ju 500 U/L lọ yẹ kí ó mú ènìyàn fura, èyí tí ó bá sì dé 800 sí 1,000 yẹ kí ó mú kí a ya X-ray. Backström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2000 pé bí a bá so méjèèjì pọ̀, ìyẹn ALP tí ó ju 900 U/L lọ pẹ̀lú fọ́sífétì tí kò tó 1.8 mmol/L, kò sí ọmọ kan tí ó ní àrùn náà nínú ìwádìí wọn tí ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn tí kò ní in náà kó sínú ìfura. ALP nìkan lè ṣini lọ́nà. Ẹ̀dọ̀ náà ń tú u jáde, nítorí náà ọmọ tí òróòro kò ṣàn dáadáa láti inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè ní iye tí ó ga láìjẹ́ pé egungun ni. Àìtó síńkì sì lè jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ nígbà tí egungun ń jìyà.

Lẹ́yìn tí a bá ti fura ni ìbéèrè tí ó nira jù ń bẹ̀rẹ̀: èwo nínú èròjà méjèèjì ni kò tó? Ibí ni ìwọ̀n PTH àti ìtọ̀ ti wúlò. Bí fọ́sífétì ni kò tó láti ìbẹ̀rẹ̀, PTH kì í ga, kíndìnrín á sì di gbogbo fọ́sífétì tí ó bá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ mú, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ju ìdá 95 nínú 100 lọ, nígbà tí kálísíọ̀mù tí kò rí fọ́sífétì bá lò á máa bá ìtọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ kálísíọ̀mù ni kò tó, PTH á ga, PTH yìí kan náà á sì máa sọ fún kíndìnrín pé kí ó da fọ́sífétì nù sínú ìtọ̀. Fọ́sífétì ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ nínú ọ̀ràn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò dọ́gba: ẹni tí ó bá sáré fún ọmọ tí kálísíọ̀mù kò tó ní fọ́sífétì nìkan lè jẹ́ kí PTH tún ga sí i, kí egungun sì máa yọ́ lọ. Mo rò pé àyẹ̀wò PTH tọ́ sí ipò tí ó ju èyí tí a sábà ń fún un lọ.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà. DEXA, ẹ̀rọ tí ń lo ìtànṣán X-ray díẹ̀, ń wọn èròjà inú egungun tààrà, ṣùgbọ́n ó nílò kí a gbé ọmọ lọ síbi tí ẹ̀rọ náà wà. Ultrasound tí ń wọn bí ìró ṣe ń yára gba inú egungun ojúgun kọjá kò ní ìtànṣán, a sì lè lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni a ṣì gbára lé jù.

Ìlànà tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2013 sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbí fún gbogbo ọmọ tí kò wọ̀n tó 1,500 g. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ dókítà ń tún un ṣe lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì síra, títí ALP yóò fi gòkè dé òpin tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Bí àmì bá ti hàn, a ó fi èròjà kún wàrà ìyá, a ó tún oògùn tí ó lè máa da kálísíọ̀mù nù gbé yẹ̀wò, a ó sì kọ́ gbogbo ẹni tí ń fọwọ́ kan ọmọ náà pé kí wọ́n má fi ọrùn ẹsẹ̀ gbé e sókè nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Àyẹ̀wò kì í tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń lọ sílé: ọmọ tí ó jẹ́ wàrà ìyá nìkan ni yóò máa mu nílé, láìsí ohun tí a fi kún un, lè nílò kí a tún wo ALP rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀.