Òdo Kì í Ṣe “Kò Sí”: Ohun Tí 0 Ń Sọ Fún Kọ̀ǹpútà

Ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ ni pé òdo àti àìsí nǹkan, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́jà, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára: ẹni tó ní òdo náírà kò lówó, ó tán. Àmọ́ ẹni tó bá gbé èrò yìí wọnú prógírámù tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kan ìdin nínú iyọ̀. Iye gidi ni òdo níbẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sí ló ń pinnu ohun tó ń wí. Níbì kan, “iṣẹ́ ti yọrí”. Níbòmíràn, “gbogbo ayé”. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, “ẹ dúró ná”.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìṣirò kúrò nílẹ̀. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, kọ òfin lílo òdo sílẹ̀ lọ́dún 628, ó sì ní 0 ÷ 0 jẹ́ 0. Ti ìpín yẹn la ò gbà fún un. 6 ÷ 2 jẹ́ 3 nítorí pé 3 × 2 jẹ́ 6. Nọ́ńbà wo la wá máa fi òdo sọ di púpọ̀ tí á fi di 6? Kò sí. Tó bá jẹ́ 0 ÷ 0 ńkọ́? Gbogbo nọ́ńbà ló bá a mu, torí náà kò sí èyí tí a lè dì mú pé òun ni ìdáhùn. Ẹni tó ní òdo ni 6 ÷ 0 ṣìnà; ẹni tó ní iye tí kò lópin ni, òun náà ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Infinity ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ tó bá ń fi nọ́ńbà onídẹ́símà ṣírò. Àdéhùn IEEE 754 ti ọdún 1985 ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dá dúró lójijì. Nọ́ńbà odidi kò ní irú ibi ìsádi yẹn: lórí ẹ̀rọ Intel, prógírámù tí wọ́n fi èdè C kọ tó bá fi 0 pín nọ́ńbà odidi á ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1997, wọ́n tẹ 0 sínú database (àkójọ ìsọfúnni) ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan, USS Yorktown. Prógírámù fi òdo yẹn pín, àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ dákú, ọkọ̀ náà sì dúró gbagidi sórí omi fún wákàtí bíi mélòó kan.

Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣọṣẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n béèrè iye ọmọ tí èèyàn bí. Ẹni tí kò tíì bímọ kọ 0, prógírámù bá figbe ta pé kò tíì kọ nǹkan kan. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó fi èdè JavaScript kọ ọ́ sọ ìdáhùn di nọ́ńbà, ó wá fi if (!iye), ìyẹn “tí iye bá jẹ́ irọ́”, yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni JavaScript ka 0, null àti undefined (“kò sí iye”) àti NaN (“kì í ṣe nọ́ńbà”) sí irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iye || 5, ìyẹn “tí iye bá jẹ́ irọ́, mú 5”, ṣe máa sọ 0 tí oníbàárà dìídì yàn di 5. Ẹ lo iye ?? 5 dípò rẹ̀: null àti undefined nìkan ló máa ń rọ́pò, ó sì ti wà nínú èdè náà láti 2020.

Nínú database, NULL ni “kò sí”, 0 kọ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni: ọ̀kan gba 80, èkejì gba 40, ẹ̀kẹta ò wá ṣe ìdánwò. Tí ẹ bá fi NULL sí ti ẹ̀kẹta, AVG, tó ń ṣírò ìpíndọ́gba, á fò ó, á sì mú 60 jáde. Tí ẹ bá fi 0 dí àlàfo náà kí tábìlì lè dùn ún wò, 40 lẹ máa rí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni.

Bash, prógírámù tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ yí gbogbo ẹ̀ po. Prógírámù tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yọrí á dá 0 padà, bash á sì kà á sí òótọ́. 1 sí 255 ni ti ìkùnà. Ó mọ́gbọ́n dání, torí ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà bàjẹ́ pọ̀, ó sì yẹ kí ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. grep, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, á dá 1 padà tí kò bá rí ohun tó ń wá, á dá 2 padà tí fáìlì náà ò bá sí. Àwọn tó ti C dé, níbi tí 0 ti jẹ́ irọ́, sábà máa ń kọ ìdánwò yìí sódì.

Òdo iwájú náà ò ṣeé fojú fo. Ẹni tó kọ 010 nínú C, 8 ló kọ yẹn, nítorí òdo iwájú ń sọ pé ìpìlẹ̀ 8 ni kí wọ́n fi ka nọ́ńbà náà. Èdè Python 3 kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Excel á gé ti nọ́ńbà fóònù dànù, 0803 á di 803. Kí ẹ tó lẹ àwọn nọ́ńbà mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ sọ òpó náà di Text. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn, òdo tó ti lọ kò ní padà.

Nínú àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 0.0.0.0 wá ni olórí ìṣìnà. Àwọn kan rí òdo mẹ́rin, wọ́n rò pé ilẹ̀kùn ti tì pa. Tí sáfà (prógírámù tó ń dúró de ìbéèrè látọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn) bá ń gbọ́ lórí 0.0.0.0, gbogbo ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lára ẹ̀rọ náà ló ń gbà wọlé, tó fi mọ́ èyí tó kọjú síta. 127.0.0.1 ni ti inú ẹ̀rọ nìkan. Lórí Linux, ẹ tẹ ss -tln, kí ẹ wo òpó Local Address: bí ẹ bá rí 0.0.0.0:5432 (5432 ni pọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà), database PostgreSQL yín ti jókòó sí gbangba. Docker, tó ń ṣí prógírámù sínú àpótí tirẹ̀, ló sábà ń fà á, torí -p 5432:5432 nínú àṣẹ rẹ̀ ń lo 0.0.0.0 láìsọ fún yín. -p 127.0.0.1:5432:5432 ni kí ẹ kọ. Ẹ má gbójú lé ufw, firewall (ẹ̀ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ti Linux, nítorí Docker máa ń kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables, àkójọ òfin nẹ́tíwọ́ọ̀kì Linux, ti ufw ò sì ní dá a dúró.

Nínú òfin firewall, 0.0.0.0/0 ni ẹ máa rí. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ni iye bit (0 tàbí 1 tó para pọ̀ di àdírẹ́sì) tí wọ́n máa fi wéra. Pẹ̀lú /24, bit 24 àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu. Pẹ̀lú /0, wọn ò yẹ ìkankan wò, gbogbo àdírẹ́sì ló yege. Bẹ́ẹ̀ 0.0.0.0 kan náà ni kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fi ń pe ara rẹ̀ nígbà tó ń tọrọ àdírẹ́sì lọ́wọ́ DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì: “mi ò tíì ní”.

Pọ́ọ̀tù 0 kò le: ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ̀rọ bá yín yan pọ́ọ̀tù tó bá ṣí sílẹ̀. Nínú TCP, ìlànà ìfiránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, window ni àyè tó kù lọ́wọ́ olùgbà; window 0 ń sọ pé ọwọ́ olùgbà kún, kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ sinmi ná. Ìsopọ̀ náà ò tíì já, ẹ má pa á.

Àwọn tó gbé UDP, ìlànà ìfiránṣẹ́ mìíràn, kalẹ̀ lọ́dún 1980 ti rí ìṣòro òdo àti “kò sí” yìí tẹ́lẹ̀. Olùgbà máa ń fi checksum, nọ́ńbà tí wọ́n ṣírò látinú iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, mọ̀ bóyá nǹkan bàjẹ́ lọ́nà. Lórí IPv4, ètò àdírẹ́sì àtijọ́, 0 níbẹ̀ ń sọ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ṣírò rẹ̀ rárá. Tí ìṣirò bá wá já sí 0 ní tòótọ́, 65,535 ni kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kọ, torí iye kan náà ni méjèèjì nínú irú ìṣirò tí wọ́n lò. Lórí IPv6, ètò àdírẹ́sì tuntun, àfi àwọn tunnel kan (níbi tí pákẹ́ẹ̀tì kan ti ń gbé òmíràn sínú), pákẹ́ẹ̀tì UDP tó bá gbé 0 síbẹ̀, olùgbà á dà á nù.